Ẹni Tí A Jọ Ń Gun Básíkù

N kò tìtorí básíkù jáde lọ́jọ́ tí mo ra básíkù. Gílóòbù pálọ̀ mi ló jó, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa láti Ìjù lọ sí Ṣàngó kí n lọ ra òmíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníná tí mo ti máa ń rajà, ọkùnrin kan pàtẹ ẹrù tòkunbọ̀ sílẹ̀: fírísà, àga ọmọdé, fáànù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, àti àwọn básíkù tó fi ṣéènì kan ṣoṣo so pọ̀ bí àgbò ọdún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, irú èyí tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ kí obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gorí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè jù. Mo dúró wò ó. Ọkùnrin náà nu eruku orí ìjókòó rẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mo fẹ́ rà á fún.

"Ó ti dàgbà díẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Gílóòbù tí mo torí rẹ̀ jáde, mo gbàgbé rẹ̀ sí Ṣàngó. Inú òkùnkùn ni mo jókòó sí ní pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mò ń wo básíkù.

Ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ló gbé èmi àti ọkọ mi wá sí Ọ̀tà. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní ìṣirò, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò jìnnà síbẹ̀. A kọ́lé sí Ìjù nígbà tí Ìjù ṣì jẹ́ oko díẹ̀, ilé díẹ̀. A bí ọmọ méjì. Obìnrin ti lọ sí Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Pọtakọ́tì. Nígbà tí ọkọ mi kú, ilé tí a kọ́ fún ẹni mẹ́rin wá ku èmi nìkan. Kì í ṣe pé ènìyàn kò sí ládùúgbò. Ìyá tó ń gbé lójúkojú mi kì í jí kó má kí mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ń yà. Ṣùgbọ́n kíkí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa tó jáde lẹ́nu mi, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa ni mo sì máa sọ ọ́ fún, pé kó já mi sí oríta. Ohùn mi á há, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà míì mo máa ń dá sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé ìdáná, kí n kàn lè mọ̀ bóyá ohùn náà ṣì wà.

Básíkù kì í ṣe nǹkan àjèjì sí mi. Adó-Odò ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, básíkù ló sì ń gùn láti abúlé dé abúlé. Tó bá ti sun oorun ọ̀sán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á yọ́ gbé básíkù náà lọ sẹ́yìnkùlé. Irin àárín rẹ̀ ga ju ìbàdí mi lọ, nítorí náà abẹ́ irin ni mo ti ń na ẹsẹ̀ kan kọjá, màá wá máa fi ẹ̀gbẹ́ wà á lọ bí akàn. Ìyá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ó ní ojú àpá ni màá fi ẹsẹ̀ kó lọ sílé ọkọ. Nígbà tí mo wá dàgbà tí mo di tíṣà, mo gbé ọ̀rọ̀ básíkù tì, kò sì sẹ́ni tó tún bi mí léèrè rẹ̀.

Àdúgbò wa ni mo ti kọ́kọ́ dán aláwọ̀ ewé náà wò. Orí mi ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi rántí. Mo gùn ún kọjá ilé oníbúrẹ́dì, mo gùn ún dé ibi tí òpópónà wa ti já sí títì ńlá. Níbẹ̀ ni àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ irin ti máa ń yà wọlé, ọ̀kan sì kọjá lára mi. Kò kàn mí. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ló gbá mi wọnú gọ́tà. Nígbà tí mo fi máa dìde, ó ti lọ jìnnà, awakọ̀ náà kò sì mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Mo ti básíkù náà dé ilé. Mo fi omi gbígbóná wẹ orúnkún mi. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé tírélà fẹ́ pa mí lónìí, àfi kí n pe Kánádà, bí mo bá sì pe Kánádà, wọ́n á ní kí n tà á.

Nígbà náà ni mo rántí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Oko igi tíìkì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ògiri yí i ká, wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà kan tó yípo láàárín àwọn igi náà, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ adágún kan kọjá. Mọ́tò kì í wọ ibẹ̀, ọ̀kadà kì í wọ ibẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa gbé básíkù mi sínú ahéré rẹ̀, kí n má baà máa tì í gba ẹ̀bá títì ńlá lójoojúmọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, Mọ́mì, ṣùgbọ́n kí n ra akoto. Mo ra akoto, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń dé, mo sì ń wé ìborí sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa yí mi lórí, etí ìborí náà á sì máa fẹ́ lẹ́yìn mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń jí lọ sí ọgbà. N kò ní ṣàì sọ pé ó dùn mọ́ mi. Ibì kan wà tí ọ̀nà náà ti rọra dà gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ kò níí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, atẹ́gùn á wọ inú búláòsì mi, á sì gba ẹ̀yìn jáde. Bí atẹ́gùn bá ti apá ilé-iṣẹ́ bisikíìtì wá, gbogbo inú igi á máa rùn bí ṣúgà tó ń yọ́. Bó bá ti apá kejì wá, irin jíjó ni. Mo kọ́ bí a ti ń lo ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rù ti bà mí. Mo kọ́ láti máa lu agogo kí n tó dé kọ́nà, kì í ṣe ìgbà tí mo bá débẹ̀ tán. Mo kọ́ pé téèyàn bá tẹ bíréèkì iwájú nìkan, ìdí básíkù á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Mo kọ́ pé ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ eré sísá, nítorí àwọn ọmọdé pọ̀ lójú ọ̀nà, ọmọdé kì í sì í wo ẹ̀yìn.

Ohun tí n kò mọ bí mo ṣe lè kọ́ ni bí a ti ń dá wà láàárín ènìyàn. Gbogbo àwọn tó ń wá síbẹ̀ ló wá pẹ̀lú ẹnìkan. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wọ ẹ̀wù kan náà sáré, wọ́n á máa kọrin. Àwọn tọkọtaya á máa rìn, obìnrin níwájú, ọkùnrin tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n á ní "Mọ́mì, ẹ kú ìdárayá," màá ní "ẹ ṣeun," ó tán. Ní ilé, ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ tèmi. Nínú ọgbà, ó máa ń dà bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń rí i lára mi.

Òjò ló jẹ́ kí n mọ Àlàájì. Ó bẹ̀rẹ̀ lójijì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì sá sábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́bàá adágún. Bàbá kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú básíkù dúdú gíga, irú ti bàbá mi. Ó dé fìlà funfun pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan sá wọlé bá wa, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo, mo sì ní kí wọ́n dúró létòlétò. Wọ́n tò. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà ni yín," ni bàbá náà wí.

Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn ọmọ yẹn kò tíì gbọ́.

Wọ́n sọ fún mi pé Àlàájì ni gbogbo ènìyàn ń pe àwọn, kí èmi náà máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀tà ni wọ́n, ìran wọn wà níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dé. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó. Nígbà tí òjò dá, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gun básíkù wọn lọ, nítorí àgbà ni wọ́n. Wọ́n kọ̀.

"Ẹ máa ṣíwájú, Tíṣà. Màá máa tẹ̀lé yín."

Láti ọjọ́ náà ni a ti jọ ń gùn ún. Wọ́n á ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á dúró dè mí lẹ́nu géètì, a ó sì wọlé, èmi níwájú, àwọn lẹ́yìn. A kì í sọ̀rọ̀ lórí ìrìn. Pẹ́dà òsì wọn máa ń ké kíríkírí bó bá ti ń yí, mo wá mọ ìró náà bí èèyàn ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ará ilé rẹ̀. Tí n kò bá gbọ́ ọ, màá dẹsẹ̀. Tí mo bá tún gbọ́ ọ, màá tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà a ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá adágún, a ó mu omi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi bí títì ńlá ṣe rí nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, tí fèrè ilé-iṣẹ́ á dún, tí àwọn òṣìṣẹ́ á sì tú jáde lórí básíkù, tí ojú ọ̀nà á kún fún agogo. Ìyá àwọn ọmọ wọn ti kú. Àwọn ọmọ wà káàkiri, obìnrin kan ló sún mọ́ tòsí, ní Ìbàdàn. Mo sọ̀rọ̀ ọkọ mi fún wọn, bó ṣe máa ń ṣe ìṣirò sí ẹ̀yìn bébà ìsìn nígbà tí pásítọ̀ bá ń wàásù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún àwọn mìíràn, ńṣe ni wọ́n máa ń ní kí Ọlọ́run tu mí nínú.

Lọ́jọ́ kan, bí a ti fẹ́ gbéra, Àlàájì ní, "Ìborí funfun yìí dára, Tíṣà. Ẹ máa wé e wá."

Ó ní bó ṣe wọ̀ mí lára. Mo délé, mo dúró níwájú dígí, mo wo ara mi bí n kò ti wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ìborí lásán ni, aṣọ òwú tí mo ń wé lọ sí ìpàdé àdúrà. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlùú fọ̀ ọ́ kó lè máa tàn, mo sì ń lọ̀ ọ́. Mo tún ra òróró ìpara tó ní òórùn. N kò jẹ́ kí ọkàn mi sọ ohun tó ń rò jáde tán. Ẹ̀sìn wa kò pa pọ̀, ọjọ́ orí wa ti lọ, àwọn ọmọ mi á sì rò pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ níwájú tí mo ń gbọ́ kíríkírí lẹ́yìn mi, mo máa ń na ẹ̀yìn mi ró.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo lọ rajà ní Ṣàngó, mo rí ìborí kan tó dàbí sílíìkì, aláwọ̀ kọfí, ó ní òdòdó wẹ́wẹ́ létí. Mo rà á. N kò ní ibi kankan tí mo fẹ́ wé e lọ ju ọgbà lọ. Mo wé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi pẹ̀lẹ́ dé akoto lé e kó má baà rún. Ọyẹ́ ti bo gbogbo igi. Àlàájì kí mi bí wọ́n ti máa ń kí mi, wọn kò sọ nǹkankan nípa ìborí náà. Ó dùn mí díẹ̀. Mo ní bóyá bí a bá jókòó ni wọ́n máa sọ ọ́.

A kò jókòó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dà gẹ̀rẹ́ sí apá adágún, ọmọ kékeré kan já kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù sójú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì méjèèjì, mo sì dúró láìkan ọmọ náà lára. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ ni básíkù dúdú Àlàájì gbá mi lẹ́yìn. Wọn kò dẹsẹ̀, wọn kò lu agogo, wọn kò pariwo. Ńṣe ni wọ́n kàn gùn wọ ara mi, bí ẹni pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Mo ṣubú lé ọwọ́ òsì mi, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló bá wa pe kẹ̀kẹ́ Maruwa tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní tòsí. Àlàájì di ọwọ́ mi kejì mú títí, orúnkún àwọn náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí ọmọ mi obìnrin fọ ojú ọgbẹ́ wa, ó sì yíjú sí wọn.

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí màmá?"

Àlàájì wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ìbéèrè tí ó rọrùn ni, ó sì ń dúró de ìdáhùn.

"A jọ ń gun básíkù ni," ni mo wí.

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde láti lọ mú ohun tí wọ́n fẹ́ fi di ọwọ́ mi, Àlàájì sún àga wọn mọ́ mi.

"Tíṣà, mi ò rí yín."

Mo ní kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi, pé òjijì ni ọmọ náà yọ.

"Kì í ṣe ọmọ yẹn. Ẹ̀yin ni mi ò rí. Ojú mi ń lọ. Ti ọ̀tún ti kú pátápátá, ti òsì ò ju bí ihò kọ́kọ́rọ́ lọ mọ́. Ìborí funfun yẹn ni mo máa ń tẹ̀ lé. Ibi tó bá yà sí, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Lónìí mi ò rí i. Mo ń gbọ́ yín, mo ní bóyá màá rí i tó bá yá."

Egungun ọwọ́ mi ń dùn mí gan-an, mo sì dúpẹ́ pé ó ń dùn mí, nítorí bí omijé ṣe jáde lójú mi, ọwọ́ ni gbogbo wọn rò pé mò ń sunkún sí.

Wọ́n di ọwọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin pè láti Kánádà, ó rí ọwọ́ náà lórí fóònù, ó sì sọ ohun tí mo mọ̀ pé ó máa sọ. Ó ní kí n ta nǹkan yẹn. Ó ní ṣé nítorí àìríṣẹ́ ṣe ni. Ọmọ tó ń fẹ́ ire mi ni, n kò bá a jiyàn. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà, wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n lọ. Ọwọ́ kan kò tó láti wé ìborí, nítorí náà láìwé nǹkankan sórí ni mo ń jókòó nílé. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Mo fi ìborí aláwọ̀ kọfí náà sísàlẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn ìtìjú, inú bí mi. Mo ní ẹni tí kò ríran kò yẹ kó máa gun básíkù tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn, ó lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, títí dòní mo ṣì gbà pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìbínú ni mo wá ronú sí i dáadáa: pé bàbá kan jí lójoojúmọ́, ó gbé ara rẹ̀ lé aṣọ orí mi, ó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ pẹ̀lú ìgboyà. Kò sí ẹlòmíràn tó gbára lé mi tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

N kò mọ ilé Àlàájì, n kò ní nọ́ńbà wọn. A kò tíì rò ó rí pé a máa nílò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ mi, ọgbà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí apá adágún. Àlàájì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ wọn obìnrin ti wá láti Ìbàdàn, ó ti gbé básíkù dúdú náà fún ẹni tó ń fẹ́ ẹ, wọ́n sì máa kó lọ bá a bí oṣù ààwẹ̀ bá ti parí. Mo kí wọn. Wọ́n mọ ohùn mi kí n tó sún mọ́ wọn. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ náà wá, wọ́n fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n ní ṣé ó ti jiná dáadáa, mo ní ó ti jiná.

Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù kò bà wọ́n nígbà náà, pẹ̀lú ojú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ilé ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù.

Mo wá sọ fún wọn pé mo ra ìborí tuntun lọ́jọ́ yẹn, pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí funfun. Mo ní nítorí ọgbà ni mo ṣe rà á, òdòdó wà létí rẹ̀. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá wọn.

"Ó dá mi lójú pé ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Mi ò kàn rí i ni."

Nígbà tí mo dìde láti lọ gun básíkù mi, n kò lè gùn ún kí n fi wọ́n síbẹ̀. Mo tì í wá síwájú bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n di ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ mú. Wọ́n dì í mú. Mo di ọwọ́ básíkù, mo ń tì í lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe rìn yí gbogbo ọgbà ká. Bí kòtò bá wà, màá sọ fún wọn. Bí ewé bá ti bọ́ lórí igi kan, màá sọ ọ́. Ẹyẹ funfun kan wà lórí omi, mo sọ ọ́. Ó rẹ̀ wá ju bí ẹni gun básíkù lọ. Láti ọjọ́ náà títí tí oṣù ààwẹ̀ fi parí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì á sá kọjá lára wa, wọ́n á kí wa pa pọ̀, "Dádì, Mọ́mì, ẹ kú ìdárayá." Àlàájì á dáhùn. Èmi náà á dáhùn. Kò sí èyí tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn nínú wa.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu ààwẹ̀, ọmọ wọn wá kó wọn. Mo rí i lẹ́nu géètì, obìnrin tó níwà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní bàbá àwọn ń sọ̀rọ̀ mi nílé. Ó gba nọ́ńbà mi. Àlàájì ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti di bẹ́líìtì fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ọwọ́ náà kò kọ́kọ́ rí tèmi, mo sì sún síwájú kó lè rí i.

"Tíṣà, ẹ máa lu agogo ní kọ́nà o," ni wọ́n wí.

Mo ní màá máa lù ú.

Wọ́n máa ń pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ wọn á tẹ nọ́ńbà, á gbé fóònù lé wọn létí. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti mọ ọ̀nà láti yàrá dé mọ́ṣáláṣí, pé ògiri ni àwọn ń fọwọ́ tọ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ bí omi adágún ṣe pọ̀ tó, ẹyẹ wo ló wà níbẹ̀, ta ni mo bá pàdé. Mo máa ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, ìpè náà bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Wọ́n á máa béèrè ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí ní orúkọ ìyá àwọn ọmọ wọn, mo sì dáhùn, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n wá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nísinsìnyí ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí fóònù náà kò ti wọlé. N kò tíì ní ìgboyà láti ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣì ń gun básíkù. Àwọn ọmọ mi ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ títà rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tuntun ló wà lẹ́nu géètì báyìí, òun náà ń jẹ́ kí n gbé e sínú ahéré. Mo mọ ọ̀nà náà débi pé mo lè fi ojú inú gùn ún lórí ibùsùn mi, láti géètì dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, dé ẹ̀bá omi, kí n tún yí padà. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìn mi kò tíì mọ́ mi lára. Mo máa ń dẹsẹ̀ nígbà míì láìnídìí, mo sì máa ń mọ̀ lẹ́yìn tí mo ti dẹsẹ̀ pé mò ń dúró de nǹkankan.

Òjò rọ̀ mọ́jú òní. Nígbà tí mo dé ọgbà, ewé tíìkì ti bo ojú ọ̀nà lábẹ́ àwọn igi, ńlá ńlá, ó tutù, ó ń yọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rọra ti básíkù náà kọjá níbẹ̀, mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Kò sẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí mo rí ọ̀dà tí ewé kò bò níwájú, mo tún gun básíkù náà, mo sì ń wà á lọ.